Kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan: méjèèjì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò rí ara wọn

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan wà ní pálọ̀ nísàlẹ̀, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, Wi-Fi ló sì ń lò. Òun ni prínta so mọ́, orí rẹ̀ náà ni fóldà iṣẹ́ wà. Láptọ́ọ̀pù kan wà ní yàrá òkè, Windows 11 ni tirẹ̀. Ráútà 4G wà ní pálọ̀, àmọ́ Wi-Fi rẹ̀ kì í dé òkè dáadáa. Nítorí náà, wáyà kan ti ara rẹ̀ gòkè lọ sínú ráútà kékeré mìíràn, Wi-Fi ti kékeré yìí ni láptọ́ọ̀pù ń lò. Méjèèjì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí Network lórí èyíkéyìí, èkejì ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lè ṣí fóldà náà, kó sì lè tẹ̀wé látòkè. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀dọ́_Tẹ́ẹ̀kì

Firewall, ògiri ààbò Windows, ni. Ẹ pa á lórí méjèèjì, kí ẹ lọ sí Windows Features, kí ẹ tan SMB 1.0, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì, padà. Wọ́n á rí ara wọn lójú ẹsẹ̀.

ÌyáKọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ara SMB1 yẹn ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó, gbà wọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Láti ẹ̀dà 1709, tó jáde lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ni Microsoft ti ń yọ ọ́ kúrò lára Windows 10. Windows 7 pàápàá mọ SMB2, nítorí náà kò sí ohun tí Windows 10 àti 11 fẹ́ fi SMB1 ṣe láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ṣì ń lo Windows XP tàbí ẹ̀rọ skánà àtijọ́ nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn.

Ní ti Firewall, bí ẹ bá pa á tí nǹkan sì ṣiṣẹ́, ẹ ò tíì mọ ohun tó dí i lọ́wọ́. Bí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lásán, torí gbogbo fóònù àlejò tí ẹ bá fún ní páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ló lè dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà yẹn. Àwọn fídíò tó ní kí ẹ dá HomeGroup, ọ̀nà pípín fáìlì inú ilé ti Windows àtijọ́, sílẹ̀ náà, ẹ má wò wọ́n mọ́. HomeGroup ti kúrò nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1803, ní 2018.

Ẹlẹ́rọ_Òkè-Bọ́lá

Mo gbè ìyá lẹ́yìn. Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Pé méjèèjì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ò sọ pé ọ̀nà wà láàárín wọn: ọ̀nà tó jáde síta lọ́tọ̀, ọ̀nà tó lọ láti yàrá sí pálọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó látìsàlẹ̀ wá.

Lórí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà ẹ kọ ipconfig. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ Wi-Fi: IPv4 Address, Subnet Mask àti Default Gateway. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ dúró níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ráútà kò fún kọ̀ǹpútà yẹn ní àdírẹ́sì, òun ló fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, láti orí láptọ́ọ̀pù ẹ kọ ping (òun ló ń béèrè bóyá èkejì wà níbẹ̀), ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ẹ ṣe bákan náà láti orí dẹ́sítọ́ọ̀pù sí láptọ́ọ̀pù. Ẹ bá wa da ọ̀rọ̀ tó bá jáde kọ gẹ́lẹ́, ẹ má kàn sọ pé kò lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, èyí tó fẹ́ ping máa kọ́kọ́ ké jáde pé, ta ló ni àdírẹ́sì yìí? Bí ẹnikẹ́ni ò bá jẹ́, yóò kọ Destination host unreachable, àdírẹ́sì tirẹ̀ gan-an ni yóò sì fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ni pé ọ̀nà dí. Bí èkejì bá jẹ́ ìpè yẹn, àmọ́ tí Firewall rẹ̀ ò jẹ́ kó dá ping lóhùn, Request timed out ni ẹ ó rí. Ọ̀nà ṣí, ilẹ̀kùn ló tì. Ẹ lè fi arp -a jẹ́rìí sí i: bí Physical Address (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá wà níwájú àdírẹ́sì èkejì nínú ohun tó jáde, a jẹ́ pé wọ́n ti gbúròó ara wọn.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Ohun tí mo rí nìyí.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù: 192.168.1.20, mask 255.255.255.0, gateway 192.168.1.1.
Láptọ́ọ̀pù: 192.168.0.101, mask 255.255.255.0, gateway 192.168.0.1.

Láptọ́ọ̀pù sí dẹ́sítọ́ọ̀pù: Reply from 192.168.1.20, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Dẹ́sítọ́ọ̀pù sí láptọ́ọ̀pù: Request timed out, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ẹlẹ́rọ_Òkè-Bọ́lá

Ó ti fara hàn. Ẹ wo nọ́ńbà kẹta: ọ̀kan jẹ́ 1, èkejì jẹ́ 0. Pẹ̀lú mask 255.255.255.0, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu kí kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Wáyà tó gòkè yẹn wà nínú ihò WAN ráútà kékeré, ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, àbí? Nígbà tó wà níbẹ̀, ráútà kékeré rò pé pálọ̀ yín ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi láptọ́ọ̀pù pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ping fi lọ láti apá kan, tí kò lọ láti apá kejì. Láptọ́ọ̀pù lè jáde bọ́ sí pálọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá ń wá 192.168.0.101, ráútà ńlá ló máa bi, ráútà ńlá ò sì mọ ibẹ̀, á ju ìbéèrè náà síta, á sọnù. Ìkéde tí Windows fi ń sọ fún ará ilé pé òun wà níbí kì í sì í kọjá láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí èkejì, òun ni Network fi ṣófo. Bí ẹ bá kọ \\192.168.1.20 sínú File Explorer lórí láptọ́ọ̀pù báyìí, ó ṣeé ṣe kó ṣí, àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí dẹ́sítọ́ọ̀pù ò ní lè dé òkè láé.

Ẹ sọ ráútà kékeré di access point, ìyẹn ẹ̀rọ tó kàn ń tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ráútà ńlá ká, tí kì í dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ ṣe pàtàkì:

1. Nínú búráúsà, ẹ kọ́kọ́ wọ ráútà ńlá ní 192.168.1.1, ẹ wo DHCP, ibi tó ti ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ. Bí àdírẹ́sì tó ń pín bá bẹ̀rẹ̀ láti 2, ẹ gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sí 192.168.1.10, kí àyè lè wà lábẹ́.
2. Ẹ wọ ráútà kékeré ní 192.168.0.1. Bí ẹ bá rí Operation Mode tó ní Access Point nínú, ẹ yàn án, ó parí, ẹ ò sì ní yọ wáyà kúrò nínú ihò WAN.
3. Bí kò bá ní in, ẹ lọ sí LAN, ìyẹn apá ti inú ilé, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ sí 192.168.1.2. Á tún ara rẹ̀ tàn. Bí kò bá gbà, torí pé WAN rẹ̀ náà wà lórí 192.168.1, ẹ yọ wáyà pálọ̀ kúrò lára rẹ̀ ná.
4. Ẹ tún wọlé ní 192.168.1.2, ẹ pa DHCP Server.
5. Ẹ gbé wáyà pálọ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN rẹ̀. Ihò WAN á ṣófo.
6. Ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un tàn.

Ẹ má pa DHCP ṣáájú kí ẹ tó yí àdírẹ́sì. Bí ẹ bá ṣe é sódì, láptọ́ọ̀pù ò ní rí àdírẹ́sì gbà mọ́, ẹ ò sì ní lè wọ ráútà kékeré bí kò ṣe pé ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì fún un. Ẹ má sì gbàgbé láti pa á rárá. Ráútà méjì tó ń pín àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan máa ń fa àìsàn tí kì í dúró sójú kan: fóònù yìí á wọ íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, á kọ̀ lálẹ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀, ráútà kékeré á sì ní kó máa gba ọ̀dọ̀ òun jáde, nígbà tí kò ní ọ̀nà síta.

Ọmọ_Peckham

Fún ẹni tí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ bára mu, àmọ́ tó ń rí Destination host unreachable lápá méjèèjì: ẹ wò bóyá ọ̀kan wà lórí Guest Network. Wi-Fi àlejò ni wọ́n fi ń ya àlejò sọ́tọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó má jẹ́ kó rí kọ̀ǹpútà onílé. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ lọ sí Wireless, Advanced, ẹ wá AP Isolation, Client Isolation tàbí Wireless Isolation, ẹ pa á. Lórí ráútà kan, ó wà ní títàn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ẹ wo VPN náà, ọ̀nà àdáni tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ibòmíràn bí ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń fi VPN ṣiṣẹ́ láti ilé mọ̀ ọ́n: bó bá wà ní títàn, ó lè gba gbogbo ọ̀nà kọ̀ǹpútà, ìyẹn tó lọ sí prínta inú ilé náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Allow LAN sí, tàbí kí ẹ pa VPN nígbà tí ẹ bá ń dán nǹkan wò.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Ráútà kékeré ò ní Access Point, mo ṣe é láti ìgbésẹ̀ kẹta dé ìkẹfà. Láptọ́ọ̀pù ti di 192.168.1.34, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lọ. Ping láti láptọ́ọ̀pù ń dáhùn. Láti dẹ́sítọ́ọ̀pù, ó ṣì ń sọ Request timed out, ṣùgbọ́n arp -a ti gbé Physical Address fún 192.168.1.34. Lórí láptọ́ọ̀pù, bí mo bá ṣí Network, ó ní Network discovery is turned off.

ÌyáKọ̀ǹpútà

Ẹ ti kọjá ibi tó le. Láptọ́ọ̀pù ń gba ọ̀dọ̀ ráútà ńlá jáde báyìí, nítorí náà Windows kà á sí ibi tuntun tí kò mọ̀ rí, ó sì fi í sí Public, bí ìgbà tí ẹ jókòó sí pápákọ̀ òfuurufú. Lórí Public, kì í wá ẹnikẹ́ni, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rí òun.

Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ properties ti Wi-Fi yín, ẹ yan Private network. Bí bọ́tìnnì náà bá kọ̀, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ:

Get-NetConnectionProfile

Èyí á sọ orúkọ InterfaceAlias fún yín. Bó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ kọ:

Set-NetConnectionProfile -InterfaceAlias "Wi-Fi" -NetworkCategory Private

Lẹ́yìn náà, nínú Advanced sharing settings, ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing lábẹ́ Private nìkan. Ẹ fi ti Public sílẹ̀ ní pípa, torí láptọ́ọ̀pù máa ń jáde nílé.

Bí Network bá ṣì ṣófo, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ services.msc, ẹ wá Function Discovery Resource Publication, ẹ fi sí Automatic, ẹ tan án lórí méjèèjì. Òun ló ń kéde kọ̀ǹpútà fún àwọn yòókù.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn fáìlì fúnra rẹ̀ ṣí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ping. Ẹ kọ èyí nínú PowerShell láptọ́ọ̀pù:

Test-NetConnection 192.168.1.20 -Port 445

Ibi tí ẹ ó wò ni TcpTestSucceeded. Bó bá jẹ́ True, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tán, ohun tó kù ni orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù àti àṣẹ.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

True ni. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ti hàn nínú Network. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń ṣí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ó kọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́rọ_Òkè-Bọ́lá

PIN nìyẹn. PIN kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti dá a sílẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tòótọ́ ló ń bèèrè. Akáǹtì tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù rárá náà ò ní wọlé, Windows ò gbà kí wọ́n lò ó láti ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ẹ dá akáǹtì kékeré kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ:

net user ile * /add

ile ni orúkọ akáǹtì náà. Á bèèrè páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, kò ní hàn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fóldà iṣẹ́, Properties, Sharing, Advanced Sharing, Share this folder. Ẹ fún un ní orúkọ tí kò ní àlàfo, bí Ise. Nínú Permissions, ẹ yọ Everyone, ẹ fi ile sí i, ẹ yan Change.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù: ẹ tún gbọ́dọ̀ lọ sí Security lórí fóldà kan náà, kí ẹ fi ile sí i pẹ̀lú Modify. Àṣẹ méjì ló wà, èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni Windows ń tẹ̀ lé. Bí Sharing bá gbà, tí Security ò gbà, ẹ ó rí orúkọ fóldà, kò ní ṣí.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Credential Manager, Windows Credentials, ẹ pa ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù rẹ́, torí páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà lè ti wà nípamọ́. Ẹ wá kọ \\192.168.1.20\Ise. Níbi orúkọ, ẹ kọ orúkọ dẹ́sítọ́ọ̀pù, igi \ kan, ile. Tí ẹ bá kọ ile lásán, láptọ́ọ̀pù lè máa wá a lórí ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́_Tẹ́ẹ̀kì

Ṣé kò rọrùn jù kí wọ́n pa Password protected sharing, kí ẹnikẹ́ni wọlé láìsí páásíwọ́ọ̀dù?

ÌyáKọ̀ǹpútà

Ọ̀nà yẹn ń tì. Windows 11 Pro láti ẹ̀dà 24H2 kì í wọ fóldà gẹ́gẹ́ bí àlejò mọ́, á kọ ọ̀rọ̀ pé organization's security policies ló dí i lọ́wọ́, àwọn ènìyàn á máa wá ilé iṣẹ́ tó ṣe òfin yẹn kiri nínú ilé tara wọn. Akáǹtì kan tó ní páásíwọ́ọ̀dù kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Fóldà ti ṣí. Ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ fídíò 4 GB kan ń lọ ní nǹkan bíi 2 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

WáyàLóDára

Ó lé ní ìdajì wákàtí fún fáìlì kan nìyẹn. Ẹ kọ netsh wlan show interfaces lórí méjèèjì, ẹ wo Radio type, Channel, Receive rate àti Signal. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí ẹ ó rí: 802.11n, 72 Mbps, channel kan náà lórí ráútà méjèèjì.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. 72 Mbps tí Windows ń gbé hàn kì í ṣe iye fáìlì tó ń kọjá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló máa ń dé ọwọ́ yín. Mbps mẹ́jọ ló ń jẹ́ MB kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ó di 4 sí 5 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fáìlì yín sì ń gba afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì: láti láptọ́ọ̀pù sí ráútà òkè, láti ráútà ìsàlẹ̀ sí dẹ́sítọ́ọ̀pù. Bí ráútà méjèèjì bá wà lórí channel kan, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí èkejì tó sọ̀rọ̀. Ẹ pín in sí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, 2 MB yín nìyẹn.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù wà ní pálọ̀ kan náà pẹ̀lú ráútà, kí ló ń fi Wi-Fi ṣe? Ẹ ra wáyà Cat5e tó tó gùn, ẹ kì í sínú ihò LAN, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀ pátápátá kó má baà ní àdírẹ́sì méjì. Lókè, bí ráútà kékeré bá ní 5 GHz, láptọ́ọ̀pù àti òun wà nínú yàrá kan, ẹ lò ó. 5 GHz ò fẹ́ràn ògiri búlọ́ọ̀kù, àmọ́ kò sí ògiri láàárín wọn. Bó bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan ló ní, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sí channel 1, ti òkè sí 6 tàbí 11, fífẹ̀ 20 MHz. 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn lórí. Channel 3 tàbí 4 tí àwọn kan ń yàn láti sá fún aládùúgbò, apá méjèèjì ló ń bá jà.

Ẹ má gbé ráútà sẹ́yìn tẹlifíṣàn tàbí dígí ńlá, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ màíkírówéfù, orí 2.4 GHz kan náà ni màíkírówéfù ń ṣiṣẹ́. Bí Signal bá wà lábẹ́ 50%, Receive rate á máa já wálẹ̀, ẹ sún un.

Ibi tó máa dúró: bí ihò LAN ráútà 4G bá jẹ́ ti 100 Mbps, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí, ẹ ò ní ju 11 tàbí 12 MB lọ. Ó tó.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni: 72 Mbps, channel 6 lórí méjèèjì. Ráútà òkè ní 5 GHz, mo ti gbé láptọ́ọ̀pù síbẹ̀, dẹ́sítọ́ọ̀pù sì ti wà lórí wáyà. Fáìlì kan náà ń lọ ní 11 MB báyìí. Àmọ́ \\192.168.1.20 ò ṣí mọ́, àdírẹ́sì ti di 192.168.1.41. Prínta náà kọ̀, ó ní 0x0000011b.

Ẹlẹ́rọ_Òkè-Bọ́lá

Wi-Fi àti Ethernet ní Physical Address ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ojú ẹlòmíràn ni ráútà fi wo dẹ́sítọ́ọ̀pù nígbà tó bọ́ sórí wáyà. Ẹ kọ ipconfig /all lórí rẹ̀, ẹ mú Physical Address abẹ́ Ethernet, ẹ lọ sí DHCP lórí ráútà ńlá, Address Reservation, ẹ so ó mọ́ 192.168.1.20. Ẹ yọ wáyà, ẹ tún un kì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bákan náà fún láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ́kọ́ pa Random hardware addresses fún Wi-Fi ilé yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa yí ojú padà mọ́ ráútà lọ́wọ́.

0x0000011b ti wà láti ìgbà àtúnṣe ààbò prínta tí Microsoft ṣe ní 2021. Ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà méjèèjì ti gba gbogbo Windows Update. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fún prínta ní orúkọ ìpín tí kò ní àlàfo lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, bí Tewe. Lórí láptọ́ọ̀pù, Add printer, Add manually, Add a local printer, Create a new port, Local Port, ẹ kọ \\192.168.1.20\Tewe, ẹ yan dráífà prínta náà. Ẹ sì pa Sleep lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, bó bá sùn, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀wé látòkè.

WáyàLóDára

Kan kù. Bí iná bá lọ tí ìnfátà sì gbà á, ráútà lè kú kó tún tàn, kọ̀ǹpútà á sì ti wà ní 169.254 kó tó jí tán. UPS kékeré fún ráútà, bátìrì tó ń gbé iná fún un nígbà tí iná bá lọ, ló ń yanjú rẹ̀, ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè. Ẹ ka ara ádáptọ̀ ráútà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rà á: fólítì gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́, 12V fún 12V, 9V fún 9V. Àm̀pù UPS lè ju ti ráútà lọ, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ẹ wo àwòrán tó wà lára méjèèjì náà, pé àmì ìròpọ̀ wà láàárín ẹnu rẹ̀.

OníṢọ́ọ̀bù_Mọ́kọ́lá

Prínta ti tẹ̀wé látòkè nípasẹ̀ Local Port, 192.168.1.20 sì ti dúró lẹ́yìn tí mo pa ráútà tí mo tún un tàn. Ádáptọ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ 12V 1.5A, tòkè jẹ́ 9V 0.6A.

WáyàLóDára

UPS tó ń gbé 12V 2A jáde fún ìsàlẹ̀, 9V 1A fún òkè. Ẹ má lo 12V fún tòkè o.